Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́, oògùn tí ẹ ń lò ni

"Apòògùn, ẹ fún mi ní nǹkan jẹ̀díjẹ̀dí, ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mi ò tíì yàgbẹ́." Oògùn wo lẹ ń lò lọ́wọ́? "Mi ò lo nǹkan kan." Ẹ tú àpò yín wò ná: tramadol nítorí ẹ̀yìn ríro, Piriton nítorí ara yíyún, oògùn ẹ̀jẹ̀ (iron) tí wọ́n fún aláboyún. Gbogbo wọn ló ń fa àìrígbẹ́yà.

Tramadol àti codeine, oògùn ìrora bíi tirẹ̀, ló burú jù. Wọ́n ń mú kí ìfun máa falẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá sì ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ni ara ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ, títí á fi le bí òkúta. Bí oògùn bá ṣe ń mọ́ni lára, èébì àti òòyì tí tramadol ń fà lè dínkù, ṣùgbọ́n àìrígbẹ́yà kì í dínkù. Nítorí náà ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ nìkan ò lè tó o. Oògùn tó ń ta ìfun jí lẹ nílò, bíi senna tàbí bisacodyl.

Ẹ jẹ́ n tẹnu mọ́ bisacodyl. Hóró kan (5 mg) tàbí méjì lágbàlagbà ń lò lálẹ́. Á ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí 6 sí 12. Ẹ gbé e mì lódidi. Ẹ má rún un, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi mílíìkì gbé e mì, ẹ sì fi wákàtí kan sáàárín òun àti oògùn inú títa (antacid). Inú ìfun ni èèpo ara rẹ̀ yẹ kó ti yọ́. Tó bá yọ́ nínú àpòlúkù, inú á lọ́ yín bí aṣọ tí wọ́n ń fún, ẹ ó wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Lactulose, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ńkọ́? 15 ml láàárọ̀, 15 ml lálẹ́, pẹ̀lú omi dáadáa. Ó lè gba ọjọ́ méjì kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má mu ìgò tán ní ọjọ́ kan. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ rọrùn: ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó ní ọjọ́ kan sí ìkejì.

Àgbo jẹ̀dí wá ńkọ́, èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró? Ọtí ń dín èémí kù, tramadol náà ń dín in kù. Ẹni tó da méjèèjì pọ̀ lálẹ́ lè sùn kó má jí mọ́, kò sì ní jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ẹni tó ń pariwo "ó ń fọ inú, ó ń fọ ẹ̀yìn" ní gáréèjì kò bi yín ní oògùn tí ẹ lò.

Bí ikùn bá wú, tí ẹ ń bì, tí ẹ ò sì lè só, ilé ìwòsàn ni kíá. Ẹ má lo bisacodyl kankan nígbà náà: ìfun tó ti dí ni yóò máa tì.