Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn lè dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àtúnṣe tí ìjọba àpapọ̀ ṣe sí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2024 ti rú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn n'Íbàdàn lójú, láti Yunifásítì dé Poli. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ń kọ ìròyìn síta láìtíì gboyè, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ṣé mo ní láti gba ìwé àṣẹ?

Rárá. Abala 39 ìwé òfin 1999 gba gbogbo ènìyàn láyè láti ní ohun tí yóò fi máa tan ìròyìn ká. Rédíò àti tẹlifíṣàn ló ń gba àṣẹ.

Kí wá ni òfin yẹn sọ?

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Lábẹ́ abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, kí wọ́n tó tún un ṣe, ọ̀rọ̀ tó burú létí, tàbí irọ́ tí wọ́n kàn fi bí ẹnì kan nínú, tó láti gbéni dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹta 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní kí Nàìjíríà tún abala náà ṣe. Lẹ́yìn àtúnṣe 2024, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni àwòrán ìṣekúṣe, àti irọ́ tí ẹni tó fi í síta mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi dá ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Ìtanràn rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3, tàbí méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀rí pé ẹ wádìí ọ̀rọ̀ ni ààbò yín. Ẹ tọ́jú ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, ìwé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí, ọjọ́ àti aago. Ẹ sì má gbàgbé pé ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ dá dúró lọ́tọ̀. Àtúnṣe yìí kò pa á rẹ́.

Kí ni kí n kọ́kọ́ gbé síbẹ̀?

Ìròyìn mẹ́ta tó ti parí, kí ìkànnì tó ṣí. Èrò yín nípa òṣèlú lè dúró ná. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Gàrí ti gbówó lórí n'Íbàdàn.” Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ sí Bódìjà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá mẹ́ta tó ń ta gàrí, ó kéré tán, ẹ bi wọ́n léèrè gàrí kan náà, ẹ sì fi ojú ara yín wo kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, torí kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kò gbà tó èyí tí wọn ò tẹ̀. Ẹni tí kò wo ìdí kóńgò lè kọ̀wé pé ọjà kan wọ́n ju èkejì lọ, kó sì jẹ́ pé òṣùwọ̀n ni kò dọ́gba. Olóòtú tó bá rí i pé ẹ kíyè sí èyí yóò mọ̀ pé ẹ dé ọjà lóòótọ́.

Orúkọ ta ni kí n fi ra àdírẹ́sì ìkànnì?

Tiyín, pẹ̀lú ímeèlì tiyín. Bí ọ̀rẹ́ bá bá yín rà á, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìkìlọ̀ pé owó ọdún ti tó san yóò máa lọ. Bí kò bá rí i, àdírẹ́sì náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ti fọ́tò tí ẹ bá fẹ́ gbé sórí ìkànnì náà, ẹ dín in kù sí fífẹ̀ 1200 píksẹ́lì, kó má ju 200 KB lọ, kí dátà òǹkàwé má baà tán kí ojú ewé tó ṣí.

Ṣé mo lè mú fọ́tò lórí Google?

Rárá. Google kàn ń fi í hàn ni, fọ́tò ní olówó tirẹ̀.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Kì í tètè dé. AdSense, ètò Google tó ń sanwó ìpolówó fún onííkànnì, kì í sanwó títí yóò fi pé 100 dọ́là. Àwọn olóòtú tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ni kí ẹ ní lọ́kàn.

Bí iléeṣẹ́ ìjọba kò bá fún mi ní ìwé tí mo béèrè ńkọ́?

Ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Ẹ bẹ̀rù orúkọ àti fọ́tò ọmọdé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé kóòtù. Ẹ má gbé e jáde. Bí ẹnì kan bá pè yín tìbínú-tìbínú, ẹ bi í pé gbólóhùn wo gan-an ni kò tọ̀nà, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, ẹ tún un ṣe, kí ẹ kọ ọjọ́ àtúnṣe sábẹ́ ìròyìn náà. Ẹ má kàn yọ ọ́ kúrò láìsọ nǹkan kan. Bí ọlọ́pàá bá sì ránṣẹ́ pè yín, ẹ mú lọ́yà dání lọ.