Owó bèbí ló ra àṣẹ lórí Star Wars

Bí olùdarí fíìmù bá gbé ìwé àdéhùn wá fún mi yẹ̀ wò, iye tí wọ́n máa san fún un ló kọ́kọ́ ń fi hàn mí. Ojú ewé ẹ̀yìn lèmi máa ń wá: ta ló ni orúkọ fíìmù náà, ta ló láṣẹ láti ṣe apá kejì, ta ló lè fi àwòrán rẹ̀ ta ẹ̀wù àti bèbí?

Ibẹ̀ ni George Lucas, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà tó ṣe Star Wars, tẹjú mọ́. Lẹ́yìn tí American Graffiti, fíìmù tó ṣe ṣáájú, pawó ńlá lọ́dún 1973, kò sẹ́ni tí ìbá bá a wí bó bá ní kí Fox, ilé-iṣẹ́ fíìmù tó gbé Star Wars jáde, fi kún owó iṣẹ́ òun lórí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí apá tó ń bọ̀ àti ìpín nínú ọjà tí wọ́n bá fi orúkọ fíìmù náà tà ló gbà dípò rẹ̀. Fox gbà, n kò sì rò pé ìwà òmùgọ̀ ni. Láyé ìgbà yẹn, fíìmù kì í pẹ́ ní sinimá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń ṣe bèbí jáde. Kí ọjà tó délẹ̀, àwọn ọmọ ti gbàgbé fíìmù.

Ti Star Wars yàtọ̀. Oṣù Karùn-ún 1977 ló jáde. Nígbà tí Kérésìmesì dé, Kenner, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré ní Cincinnati, kò tíì ṣe bèbí rẹ̀ tán. Páálí tí kò sí bèbí nínú ni wọ́n tà, pẹ̀lú ìwé pé bèbí mẹ́rin ń bọ̀ lọ́dún tuntun. Àwọn òbí sì rà á!

Owó tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yáwó báńkì, ni Lucas fi ṣe The Empire Strikes Back, apá kejì Star Wars, tó jáde lọ́dún 1980. Fox kàn ń pín in fún sinimá ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ gan-an nìyí: òkìkí kọ́ ló ń fúnni láṣẹ lórí iṣẹ́, ẹni tówó rẹ̀ ṣe fíìmù lọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ. Nígbà tí ìnáwó kọjá ohun tí wọ́n fojú bù, Fox ló ṣe onídùúró rẹ̀ ní báńkì, ìyẹn náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Gary Kurtz, tó ṣe agbátẹrù fíìmù méjì àkọ́kọ́, sọ fún ìwé ìròyìn Los Angeles Times lọ́dún 2010 pé ọjà ohun ìṣeré ti wá ń darí ìtàn náà. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ èmi ni agbẹjọ́rò Lucas, àdéhùn kan náà ni màá ní kó fọwọ́ sí, torí bí ìtàn ọ̀hún bá bà jẹ́, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló bà á jẹ́.

Lọ́dún 2012, Lucas ta Lucasfilm, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó ni Star Wars, fún Disney ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ó lé díẹ̀. Disney ra ìlapa ìtàn tó ti kọ sílẹ̀ fún fíìmù mẹ́ta mìíràn, wọ́n sì gba ọ̀nà míì lọ. Ó dun Lucas gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú àdéhùn tó fi dandan lé e pé kí wọ́n lò ó.