Dífẹ́ǹsì tó ní wíìnì nínú fún dúdú

Àwọn tó ń ta chess ní Tanke, Ìlọrin, nírọ̀lẹ́ máa ń sọ ọ́ gan-an pé dífẹ́ǹsì báyìí (ìyẹn bí ẹni tó mú ọmọ dúdú ṣe ń dá ìrìn àkọ́kọ́ funfun lóhùn) dáa o, ṣùgbọ́n kò sí wíìnì nínú ẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ gan-an?

Funfun ló ń kọ́kọ́ rìn, ó ti fi ẹsẹ̀ kan ṣíwájú, dúdú ló ń lé e bá. Dífẹ́ǹsì kan wà tó jẹ́ pé kó ṣáà ti bá a dọ́gba ló ń wá, bíi Petroff: e4 e5, ẹṣin f3 ẹṣin f6 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni orúkọ ojú kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù, ti funfun ló ń ṣáájú), ohun tí funfun ṣe nìwọ náà ṣe, tẹ́ ẹ bá ti jẹ pọ́ọ̀nù ara yín, àwọn ọmọ kéékèèké iwájú, tán àárín á ṣófo, táwọn méjèèjì bá mọ̀ ọ́n ta, ọ̀mì ló sábà máa ń já sí.

Sicilian ò rí bẹ́ẹ̀. Tí funfun bá ti gbé e4, o gbé pọ́ọ̀nù sí c5, funfun ti tiẹ̀ sí d4, o fi c jẹ ẹ́, ó fi ẹṣin gbà á padà. Wò ó dáadáa: pọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ lo fi gba ti àárín, d àti e ẹ ṣì wà níbẹ̀, láìnì c náà ti ṣí fún rúùkù ẹ, ọmọ tó ń rìn tààrà. Ṣùgbọ́n funfun ò sùn o, àwọn ọmọ ẹ̀ ti jáde ju tìẹ lọ, kíìnì ẹ ló sì ń wá. Torí pé ohun tí kálukú ní ò jọra, ó ṣòro kó parí sí ọ̀mì, ibẹ̀ ni wíìnì ti ń wá, ibẹ̀ náà ni lílù ti ń wá. Najdorf, ẹ̀ka Sicilian kan tí dúdú ti ń gbé a6 ní ìrìn karùn-ún, Fischer ta á, Kasparov náà ta á, àwọn méjèèjì ló ti gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé rí.

Àmọ́ ọ̀mì náà ní ọjọ́ tiẹ̀. Ní 2000 ní London, Berlin, dífẹ́ǹsì mìíràn tí ọ̀mì pọ̀ nínú ẹ̀, ni Kramnik tó ń bá Kasparov du àmì-ẹ̀yẹ fi dì í lọ́wọ́, géèmù 15, Kasparov ò wíìnì ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pàdánù àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé.

Tìẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìdíje tó jẹ́ ẹni tó gbégbá orókè nìkan ló ń gba owó, kí lo fẹ́ fi ọ̀mì ṣe? Ṣùgbọ́n Najdorf fẹ́ kéèyàn há nǹkan sórí gan-an, ọmọ Unilorin tó ní ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó má dán an wò jàre. French, dífẹ́ǹsì mìíràn sí e4, ni màá ní kó mú, e6 lẹ́yìn náà d5, tí funfun bá ti kọjá sí e5 kó fi c5 kọlu pọ́ọ̀nù funfun tó wà ní d4. Bíṣọ́ọ̀bù c8 á há díẹ̀, ìyẹn ni ìyà ẹ̀. Tí funfun tó ń wá ọ̀mì bá sì jẹ d5 tójú bọ́ọ̀dù tún dọ́gba, gbé ẹṣin ẹ sí e7 dípò f6, kó má baà jọ tiẹ̀.