Theodore Roosevelt àti ààbò igbó ní Amẹ́ríkà

Theodore Roosevelt (27 Oṣù Kẹwàá 1858 – 6 Oṣù Kínní 1919) ni Ààrẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ New York rí kí ó tó di igbákejì Ààrẹ. Nígbà tí William McKinley kú ní Oṣù Kẹsàn-án 1901 lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn fún un, Roosevelt gun orí àléfà ní ẹni ọdún 42. Ó pe àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fẹ́ dá jẹ gàba lórí ọjà lẹ́jọ́, ó sì bọwọ́ lu òfin oúnjẹ àti oògùn ní 1906. Ọdún náà ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Igbó àti ilẹ̀ ìjọba

Òfin kan ti 1891 ti fún Ààrẹ lágbára láti ya igbó sọ́tọ̀ lára ilẹ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lò ó tó Roosevelt. Ní 1905, wọ́n dá àjọ tí ń bójú tó igbó sílẹ̀ lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ọ̀gbìn, Gifford Pinchot sì di olórí rẹ̀. Èrò Pinchot ni pé kí a máa gé gẹdú níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ṣùgbọ́n John Muir, òǹkọ̀wé tí ó ń jà fún ààbò igbó, tí òun àti Ààrẹ jọ pàgọ́ ní Yosemite ní California ní 1903, fẹ́ kí a fi ibi tó lẹ́wà sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ní 1907, àwọn sẹ́nétọ̀ ìwọ̀-oòrùn, tí Charles Fulton láti Oregon ṣáájú wọn, ki gbólóhùn kan bọ inú àbá ìṣúná Ilé-iṣẹ́ Ọ̀gbìn pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ dá igbó ìjọba tuntun sílẹ̀ mọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Bí Roosevelt bá kọ àbá náà, owó iṣẹ́ yóò dúró; bí ó bá bọwọ́ lù ú, agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Pinchot wá fi ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó ṣẹ́kù pààlà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 éékà igbó, lẹ́yìn èyí ni ó tó bọwọ́ lù ú. Igbó ọ̀gànjọ́ ni àwọn alátakò rẹ̀ ń pè wọ́n.

Òfin ohun àtijọ́ ti 1906, tí ó fún Ààrẹ lágbára láti fúnra rẹ̀ ya ilẹ̀ ìjọba tí ohun àtijọ́ tàbí ohun ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà sọ́tọ̀, ni ó ṣeé ṣe kí ó ní ipa pípẹ́ jù. Àwókù ilé àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ onílẹ̀ ni àwọn tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn jù, òfin náà fúnra rẹ̀ sì ní kí ilẹ̀ tí a óò yà sọ́tọ̀ má ju ohun tí ààbò béèrè lọ. Síbẹ̀, ní 1908, Roosevelt fi í dáàbò bo Grand Canyon, tí ó ju 800,000 éékà lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dá a láre ní 1920.

Gbogbo ilẹ̀ tí ó dáàbò bò tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 230 éékà, ibi ààbò ẹyẹ 51 sì wà lára rẹ̀, tí Pelican Island ní Florida (1903) ṣáájú wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kò ní ẹni tí ó ni ín: láti ara ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Flathead ní Montana ni wọ́n ti gé ibi ààbò ẹfọ̀n ti 1908, òfin tí ó dá a padà fún àwọn Salish àti Kootenai, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, kò sì jáde títí di 2020.