Ìwà Ọlọ́run nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni

Nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni, Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ohun gbogbo tí ojú rí àti èyí tí ojú kò rí ti wá. Síbẹ̀, àwọn ìjọ tó pọ̀ jù lọ gbà pé Ọlọ́run kan yìí ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní Mẹ́talọ́kan. Kì í ṣe ọlọ́run mẹ́ta ni wọ́n ní lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹnì kan tó ń pààrọ̀ ẹ̀wù bí eléré orí ìtàgé, tí ó jẹ́ Baba lónìí, tí ó di Ọmọ lọ́la. Bí a ṣe lè sọ pé ọ̀kan ni láìsẹ́ pé mẹ́ta ni, ni ó fa iyàn jíjà tó pẹ́ jù lọ nínú ìtàn ìjọ.

Ọwọ́ àwọn Júù ni àwọn Kristẹni ti gba ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run kan. Ẹsẹ tó wà nínú Diutarónómì 6:4, tó sọ fún Ísírẹ́lì pé OLÚWA kan ni Ọlọ́run wọn, ni Jésù fúnra rẹ̀ tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bi í léèrè òfin tó ga jù. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, Júù ni wọ́n. Ẹsẹ yìí kò ṣàjèjì sí ètè wọn, síbẹ̀ wọn kò pẹ́ kí wọ́n tó máa pe Jésù ní Olúwa, tí wọ́n sì ń ké pè é nínú àdúrà. Ní òpin Ìhìn Rere Mátíù, a pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe ìrìbọmi ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀rọ̀ náà "orúkọ" sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kì í ṣe ọ̀pọ̀. Bíbélì kò lo ọ̀rọ̀ tí a ń túmọ̀ sí Mẹ́talọ́kan rárá. Tertullian ará Carthage, ní àríwá Áfíríkà, ni ó kọ́kọ́ lò ó ní èdè Látìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta.

Ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ náà di ìjà gidi. Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ń kọ́ni pé Ọmọ ni àkọ́kọ́ nínú ohun tí Baba dá, àti pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé bàbá ni ó ń ṣáájú ọmọ dé ayé. Ní ọdún 325, Constantine, ọba Róòmù, pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea, tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní. Wọ́n dá Arius lẹ́bi, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a bí Ọmọ ni, a kò dá a, àti pé òun àti Baba jẹ́ homoousios, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí pé ọ̀kan náà ni ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an. Nígbà tó yá, àwọn kan dábàá homoiousios, ìyẹn ni pé Ọmọ jọ Baba. Lẹ́tà kan péré ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá jọ nǹkan kì í ṣe nǹkan náà gan-an. Lójú Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, bí Ọmọ bá jẹ́ ẹ̀dá, a jẹ́ pé ìbọ̀rìṣà ni àwọn Kristẹni ń ṣe, nítorí pé wọ́n ń sìn ín, ẹ̀dá kò sì lè gba ẹ̀dá là. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n lé e kúrò ní ìlú nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Constantinople (Istanbul òde òní), ní ọdún 381, àpérò bíṣọ́ọ̀bù mìíràn fi kún ohun tí a kọ ní Nicaea pé a ń sin Ẹ̀mí Mímọ́, a sì ń yìn ín lógo, pọ̀ mọ́ Baba àti Ọmọ. Àwọn ìjọ ìwọ̀-oòrùn wá ń sọ pé ọ̀dọ̀ Baba "àti Ọmọ" ni Ẹ̀mí ti jáde. Àwọn ìjọ Ọtọdọ́ọ̀sì ti ìlà-oòrùn kò gba àfikún náà títí di òní.

Yàtọ̀ sí ti Mẹ́talọ́kan, a gbà pé Ọlọ́run kò ní ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò lópin, pé ó mọ ohun gbogbo, pé kò síbi tí kò sí, àti pé kì í ṣe ara ohun tí ó dá. Alágbára gbogbo ni, àmọ́ èyí kò sọ pé ó lè purọ́. Títù 1:2 sọ pé kò lè ṣe é. Èyí tó le jù ni ti pé kì í yí padà. Málákì 3:6 sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì 6 sọ pé ó dùn ún pé òun dá ènìyàn. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ gbà pé ọ̀nà tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ ni èyí, pé ìrora kì í kan Ọlọ́run. Ní ọ̀rúndún ogún, Jürgen Moltmann, onímọ̀ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ará Jámánì, tó wà lára àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó nígbèkùn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, jiyàn pé Ọlọ́run tí kò lè jìyà kò lè nífẹ̀ẹ́, àti pé lórí àgbélébùú, ìrora Ọmọ kan Baba pẹ̀lú. Iyàn yìí kò tíì parí.

Àpérò Lateran ti ọdún 1215, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ti pàdé ní Róòmù, kìlọ̀ pé, bó ti wù kí ẹ̀dá jọ Ẹlẹ́dàá tó, ìyàtọ̀ àárín wọn pọ̀ ju ìjọra lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi fẹ́ràn láti máa sọ ohun tí Ọlọ́run kì í ṣe ju ohun tí ó jẹ́ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Kristẹni ló gba Mẹ́talọ́kan. Ní ọdún 1553, wọ́n dáná sun Michael Servetus, dókítà ará Sípéènì, ní Geneva nítorí pé ó kọ̀ ọ́. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà gbà pé Baba nìkan ni Ọlọ́run Olódùmarè, Ọmọ sì ni àkọ́dá rẹ̀. Àwọn Pẹntikọ́sì kan sì wà tí wọ́n ka ẹsẹ Mátíù yẹn, tí wọ́n ní Jésù ni orúkọ ẹyọ kan tó wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan sì ni wọ́n fi ń ṣe ìrìbọmi.