Orúkọ tó wà nínú ìwé kọ́ ni ọmọ tó wà lórí ìjókòó

Ìyá àgbà kan ló là mí lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí, nínú ọjà, ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àgbàdo tútù ló ń sè. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ra méjì, mo wá bi í pé kí ló dé tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kò yọjú sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta wa mọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ṣì ń pe orúkọ rẹ̀? Ó ti lọ bá màmá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ láti ìgbà tí a ti ń gbin àgbàdo yìí." Àgbàdo ọ̀hún ti hù, ó ti yọ ọmọ, ó ti dọ́wọ́ mi, mo ń jẹ ẹ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń ka ọmọ náà mọ́ àwọn tí à ń kọ́. Mo tiẹ̀ ti kà á mọ́ wọn nínú ìròyìn tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fún wa lówó ìwé.

N kò gbèrò láti parọ́. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, mo sì gbà pé ibi tí orúkọ bá wà, ọmọ wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nìyẹn, torí kì í ṣe èmi nìkan ló ni ín. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó ń ṣe ẹ̀kọ́ àfikún fáwọn ọmọ iléèwé láìgba owó, ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣàbẹ, ní Àjàṣẹ́, ẹ bi wọ́n pé báwo ni iṣẹ́ ṣe ń lọ. Iye ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Bí iye náà bá pọ̀, inú gbogbo wa á dùn, a ó sì gbà pé iṣẹ́ ń lọ.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí a ń bá àwọn òbí fà ní ilẹ̀ yìí ni pé kí wọ́n tilẹ̀ mú ọmọ wá síléèwé. Nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fagi lé owó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba lọ́dún 2006, ohun ayọ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àfikún yàtọ̀. Kò sí òfin tó fi dandan mú ọmọ wá sọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún wíwọlé, ó sì ṣí sílẹ̀ fún jíjáde, ọmọ tó bá ń jáde kì í sì í dágbére. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni ìyá máa ń wọ aṣọ tó dáa mú u wá. Ọjọ́ tó bá dúró sílé, kò sí ẹni tó ń wá sọ.

Iṣẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa ni ìwé, kọ́kọ́rọ́ àti owó ọkọ̀ àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ CM1 àti CM2, kíláàsì méjì tó kẹ́yìn níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń gbà, àwọn tó ń múra sílẹ̀ de CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti díẹ̀ lára àwọn tó ti wọ kọ́lẹ́jì. Ìwé kíkà, ìṣirò, àti wákàtí kan fún kíka Yorùbá. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé n kò lè ṣi ọmọ kankan kà.

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bi àwọn ìyá pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní nílé, ojú wọn á sì yí padà. Mo rò nígbà náà pé ojú dúdú ló ń dà wọ́n láàmú. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Nísinsìnyí, orúkọ ni mo ń bèèrè: ta ló tẹ̀ lé e, ta ni àbúrò rẹ̀, iléèwé wo ni wọ́n ń lọ. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Iye kan náà ni mo máa ń rí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kí n tó dé ibi iye, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní ojú, ó ti ní ilé.

Ìṣirò kan wà tí mo máa ń ṣe níwájú àwọn olùkọ́ wa. Ká ní ọmọ 40 ló forúkọ sílẹ̀, tí a sì ṣe ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta 12. A ka àwọn tó wá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, a ro ó pọ̀, a pín in, ó fún wa ní ọmọ 30 lọ́jọ́ kan. Ìyẹn jẹ́ 75 nínú 100. Ó dára létí. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé àwọn 30 kan náà ló ń wá lọ́jọ́ gbogbo, tí àwọn 10 yòókù kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ pé gbogbo àwọn 40 ló ń wá, tí olúkúlùkù kàn pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, kálukú pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo wọn pé pérépéré ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni kò wá ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Ẹ ṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, 30 náà ni. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, a ti pàdánù ọmọ mẹ́wàá, ká gbéra lọ sílé wọn lónìí. Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ilé, kò sẹ́ni tó sọnù. Bí ó bá jẹ́ ti ìkẹta, àwọn ọmọ kò ṣẹ̀ wá, àwa la gbé ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ tí kò yẹ.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní abúlé kan tí a ti ń kọ́ni sún mọ́ ti ìkẹta yìí gidigidi. Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà ibẹ̀, bí àwa Yorùbá ṣe ń kà á, tí a ń ka ọjọ́ tí wọ́n ná an mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì lórí kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ iléèwé ní tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ méje. Mẹ́rin àti méje kì í pàdé àfi ní ọjọ́ 28. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ọjà á bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ru igbá kò sì lè wà níbi méjì. Ọdún kan gbáko la fi ń bá àwọn ọmọ wí pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Nígbà tí mo tẹ́ ìwé ìpè-orúkọ oṣù mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ẹní, mo rí i pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kún, ọ̀kan á gbẹ, láìyẹ̀. A sún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Kò ná wa ní sẹ́fà kan. Ó ṣì ń dùn mí pé a bá àwọn ọmọ yẹn wí.

Máàkì ìdánwò tún lè tanni ju ìyẹn lọ. Ẹ mú ọmọ márùn-ún tó ṣe ìdánwò ìṣirò níbẹ̀rẹ̀ ọdún, lórí 20 bí a ṣe ń ṣe é ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n gba 3, 5, 12, 14 àti 16. Bí a bá ro ó pọ̀ tí a pín in, 10 ló máa jẹ́. Kí ọdún tó parí, àwọn méjì tó gba 3 àti 5 ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, torí ojú ń tì wọ́n. Àwọn mẹ́ta yòókù tún ìdánwò ṣe, wọ́n sì gba ohun tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́: 12, 14, 16. Ẹ ro ó, ẹ pín in, ó ti di 14. A ó wá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwọn ọmọ wa gòkè láti 10 dé 14, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹyọ ọmọ kan tó mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó nílò wa jù lọ ló lọ, lílọ wọn ló sì bu ẹwà kún ìwé wa. Láti ìgbà tí èyí ti yé mi, máàkì ọmọ kan la máa ń fi wé máàkì ọmọ yẹn fúnra rẹ̀, àwọn tó lọ sì ní ìlà tiwọn nínú ìròyìn. Ìròyìn wa kò dán tó ti àwọn ẹlòmíràn mọ́. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kí a tó lè fi ọmọ wé ara rẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé ẹni tó ṣe ìdánwò lóṣù kẹwàá ni ẹni tó tún un ṣe lóṣù karùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níhìn-ín mọ̀ pé kò rọrùn. Lọ́nà Faransé ni wọ́n fi ń kọ orúkọ wa. Ṣẹ́gun lè jẹ́ Ségoun nínú ìwé ìbí, kó jẹ́ Chégoun lẹ́yìn kàyé, ìyẹn ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ iléèwé, kó sì jẹ́ Segun lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé ní òdìkejì ẹnubodè. Adéṣínà lè di Adéchina. Ẹlòmíràn ní orúkọ mọ́sálásí tàbí ti ìrìbọmi tí iléèwé mọ̀ ọ́n sí, àti orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é nílé. Táyé àti Kẹ́hìndé kò kéré nínú kíláàsì kankan. Ọjọ́ ìbí pàápàá kò gbà wá, torí "né vers" ló wà nínú ìwé ìbí àwọn kan, ìyẹn ni pé nǹkan bí ọdún báyìí la bí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiwa, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Nọ́ńbà yẹn kì í yí padà bí wọ́n bá tún orúkọ rẹ̀ kọ lọ́nà mìíràn, a kì í sì í gbé e fún ọmọ mìíràn bí ẹni tó ni ín bá lọ.

Nọ́ńbà fóònù òbí ló tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, 01 sì wà níwájú gbogbo wọn. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà tuntun yìí sínú Excel láìṣètò á rí i pé òdo iwájú ti pòórá, torí Excel rò pé iye tí a fẹ́ ṣírò ni. Ìpè kò ní wọlé, a ó sì máa rò pé ìyá ọmọ ti pa fóònù. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ sọ òpó yẹn di ti ọ̀rọ̀, kí ó má jẹ́ ti ìṣirò.

Ohun kékeré kan wà tí mo lè bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí: àpótí òfìfo. Lọ́dọ̀ wa, 1 ni ọmọ wá, 0 ni ọmọ kò wá. Òfìfo túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ lọ́jọ́ náà. Bí olùkọ́ bá gbàgbé láti pe orúkọ, tí a sì ka òfìfo sí àìwá, a ti di ẹ̀ṣẹ̀ àgbàlagbà kan ru ogójì ọmọ.

Ìgbàgbọ́ mìíràn tó ń bá ti àkọ́kọ́ rìn ni pé tàwọn tó ń fún wa lówó ni ìwé ìpè-orúkọ yìí. Olùkọ́ wa kan sọ ọ́ fún mi láìfi bọpobọyọ̀: "Àǹtí, ṣé kí n máa kọ́ ọmọ ni, àbí kí n máa kọ̀wé fún ONG?" ONG ni à ń pe àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ló máa ń fi bíírò kan ṣoṣo kọ ti oṣù látòkèdélẹ̀, látinú orí rẹ̀. N kò bá a jà. Òótọ́ ni pé ìwé ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. A wá yí i padà. Ní ọjọ́ Ajé, mo máa ń wo ìwé Àbámẹ́ta. Ọmọ tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì léraléra, mo máa ń pe òbí rẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹnì kan á gun zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, lọ sílé wọn, owó ọkọ̀ náà sì ní àyè tirẹ̀ nínú ìnáwó wa. Ohun tí a bá gbọ́, olùkọ́ rẹ̀ á gbọ́ ọ kí Àbámẹ́ta míì tó pé: ó ń ṣàìsàn, bàbá rẹ̀ kò sí nílé, wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ nítorí ahọ́n rẹ̀ ta kókó nígbà tó ń kàwé. Ìdáhùn tó kẹ́yìn yẹn, lórí ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ̀, ló yí ọkàn olùkọ́ yẹn padà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe orúkọ kí ó tó mú ṣọ́ọ̀kì.

Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú àwùjọ WhatsApp wa. Òfin ìsọfúnni oní-kọ̀ǹpútà ti Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ẹnikẹ́ni, àjọ APDP ló sì ń mójú tó o. Àmọ́ ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, ohun tí ìyá kan sọ fún mi nínú yàrá rẹ̀, èmi àti olùkọ́ ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà fún. A kì í sì í bèèrè NPI ọmọ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni, lọ́wọ́ òbí, nítorí kò sí ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí iléèwé ń múra àtiwọlé, ìyá àgbà alágbàdo yẹn mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Ó ti ga sí i. Ó ní òun ti gbàgbé ìwé kíkà díẹ̀, òun kò sì mọ̀ bóyá àyè òun ṣì wà. Mo ṣí ìwé. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbà á, ọjọ́ tó lọ sí Ìmẹ̀kọ ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí mo kúrò nídìí àgbàdo. Mo kọ ọjọ́ tó padà dé sí iwájú rẹ̀. Ìyá àgbà ní kí n fi ìka kàn án kí òun rí i.