Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Onígbèsè: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Gbàǹjo Yàrá Ìkẹ́rùsí ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí ọjọ́ gbàǹjo bá pé, òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí á fi ẹmú ńlá gé àgádágodo tí ayálégbé fi ti yàrá rẹ̀, á sì fa ilẹ̀kùn páànù náà sókè títí tí yóò fi ká jọ lókè. Àwọn tó wá rajà á tò síwájú rẹ̀, wọ́n á máa tan tọ́ọ̀ṣì sínú òkùnkùn, wọ́n á máa na ọrùn bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan páálí kankan. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n ní láti fi wo mátírẹ́ẹ̀sì tó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, àti àwọn àpò dúdú tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni onígbàǹjo á bẹ̀rẹ̀ sí í ké owó, ẹni tó bá sì dá iye tó ga jù lọ ló ni gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà, àti ìṣúra àti pàǹtí. Ẹja inú odò ni wọ́n ń ná.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wo irú ọjà yìí lórí tẹlifíṣàn rò pé àwọn tó ń wá ìṣúra kiri ló dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbèsè ló bí i, òfin ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni àwọn tó ń rà á tà tó dé, wọ́n sì kọ́kọ́ dé bí ẹni tó wá bá onílé palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìdógò kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò sanwó, olówó a máa rán ológò lọ bá a, tí yóò lọ jókòó tì í nílé rẹ̀, tí yóò máa pariwo, tí yóò sì máa pa adìyẹ tó bá rí lágbàlá jẹ, títí tí ojú yóò fi ti àwọn ẹbí, tí wọ́n á wá owó náà san. Òfin àbáláyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà jogún, kò jókòó ti ènìyàn ní tirẹ̀. Ẹrù ló jókòó tì. Onílé èrò tí àlejò kò sanwó fún, tàbí alágbàrù tí wọn kò san owó iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti di ẹrù onígbèsè mú. Àmọ́ dídi ẹrù mú ni àṣẹ rẹ̀ mọ. Kò lè tà á, ì báà pé ọdún mẹ́wàá ni ẹrù náà fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìlú ńláńlá wá kún fún ilé ìkẹ́rùsí, òfin bẹ́ẹ̀ kò tún wúlò fún àwọn onílé mọ́, nítorí ẹrù tí a kò lè tà ń gba àyè, àyè ni wọ́n sì ń tà. Ní 1906, wọ́n gbé àwòṣe òfin kan jáde lórí ìwé ẹ̀rí ilé ìkẹ́rùsí, tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló sì fún ẹni tó ń báni tọ́jú ẹrù láṣẹ pé bí owó rẹ̀ kò bá jáde, kí ó kọ̀wé sí ẹni tó lẹrù, kí ó polongo, kí ó sì lu ẹrù náà ní gbàǹjo láìkọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Nígbà tó yá, abala keje ìwé òfin òwò tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà jọ ń lò gba àṣẹ yìí mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan sọ́kàn níbí: ẹni tí òfin náà ń bá wí ni onílé tó gba ẹrù wọlé, tó kọ ìwé ẹ̀rí fún ẹni tó gbé e wá, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ní 1958, ìdílé kan ní Fort Lauderdale ní ìpínlẹ̀ Florida bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn yàrá kéékèèké háyà fún ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù sí, ó sì jẹ́ pé oníkálukú ló ń kó tirẹ̀ wọlé, òun náà ló sì ń kó o jáde. Ní 1964, Russ Williams, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì, kọ́ irú rẹ̀ sí Odessa ní Texas, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ti nílò ibi tí wọ́n lè kó irinṣẹ́ àti ọkọ̀ ìpẹja wọn sí. Orúkọ tó fún ilé náà ni A-1 U-Store-It U-Lock-It U-Carry-the-Key. Ohun tó ń sọ fún oníbàárà ni pé ìwọ fúnra rẹ ni kí o kó o síbẹ̀, ìwọ ni kí o tì í, ìwọ náà ni kí o mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó dùn-ún pè lẹ́nu bí ewì, àbí? Ní tèmi, àríyànjiyàn òfin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀ lé e wà nínú orúkọ yẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Public Storage bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1972, òwò náà ti kúrò ní kékeré. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣí kiri láti ìlú dé ìlú, tọkọtaya ń kọ ara wọn sílẹ̀, àgbàlagbà ń kó kúrò nínú ilé ńlá lọ sí kékeré, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù òkú tí àwọn ọmọ kò tíì rójú pín náà ń wá ibi tí yóò wà.

Bí ayálégbé kò bá wá sanwó mọ́ ńkọ́? Onílé kò lè pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú ẹrù, nítorí kò gba ẹrù kankan, kò kọ ìwé ẹ̀rí, kò tilẹ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àyè lásán ló fi háyà. Lójú òfin, onílé bíi ti ilé gbígbé ni, tó sì ní láti gba kóòtù kọjá kí ó tó lè lé ayálégbé jáde, kí owó agbẹjọ́rò sì ju owó yàrá ọdún kan lọ. Yàrá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí àga tó ti fọ́ àti aṣọ tó ti hu kún inú rẹ̀, ta ni yóò tìtorí rẹ̀ gba lọ́yà?

Láàárín ìgbà yẹn kan náà ni ẹjọ́ kan dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà 1973, wọ́n lé obìnrin kan tó ń jẹ́ Shirley Brooks jáde nínú ilé tó háyà ní Mount Vernon ní ìpínlẹ̀ New York, òṣìṣẹ́ ìjọba tó sì wá lé e ló ṣètò pé kí ilé-iṣẹ́ Flagg Brothers kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn. Aáwọ̀ wọlé lórí owó. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, lẹ́tà dé sí i pé bí kò bá san gbèsè náà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọn yóò ta ẹrù rẹ̀. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní kò tọ́ kí wọ́n gba dúkìá òun láìjẹ́ pé adájọ́ gbọ́ tẹnu òun. Ní 1978, adájọ́ márùn-ún dá a lẹ́bi, mẹ́ta dá a láre: wọ́n ní ilé-iṣẹ́ aládàáni ló fẹ́ ta ẹrù, kì í ṣe ìjọba, nítorí náà ààbò tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fúnni lọ́wọ́ ìjọba kò kan ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò lè ka ẹjọ́ yìí kí n má káàánú obìnrin náà, nítorí kì í ṣe òun ló yan ibi tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀nà ti là fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ fún onílé láṣẹ láti tà láìdé kóòtù.

Wọn kò fi falẹ̀. Àwọn oníyàrá ìkẹ́rùsí ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1975, wọ́n sì ń ti àwọn aṣòfin lẹ́yìn. California ṣe òfin tirẹ̀ ní 1981, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ṣe tiwọn láàárín àwọn ọdún 1980 náà. Ohun tí òfin wọ̀nyí dá sílẹ̀ jẹ́ tuntun pátápátá: kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ayálégbé o, síbẹ̀ ẹrù inú yàrá ti di ohun ìdógò fún owó yàrá láti ọjọ́ tó ti kó o wọlé. Ní California, bí gbèsè bá ti pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, onílé lè kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́tà pé òun fẹ́ tà á, kí ó tó wá gbé e sínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Owó tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbèsè àti ìnáwó kì í ṣe ti onílé. Ẹni tó lẹrù ló ni ín, ó sì ní ọdún kan láti wá gbà á kí ó tó di ti ìjọba ìbílẹ̀. Fún ọmọ ogun tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òfin àpapọ̀ tún ká onílé lọ́wọ́ kò: àfi kí ó gba àṣẹ kóòtù kí ó tó fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀.

Ìgbà yìí ni àwọn tó ń rà á tà wá wọlé. Níbẹ̀rẹ̀, onílé kò retí èrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń wá ni kí yàrá ṣófo kí ó lè tún un fi háyà. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn fi le mọ́ ẹni tó bá borí: owó ojú ẹsẹ̀ ni, yóò fi àgádágodo tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn, yóò fi owó díẹ̀ dúró fún ìmọ́tótó, yóò sì kó gbogbo ẹrù tán láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, títí kan mátírẹ́ẹ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò ní rà. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù àti àwọn tó ń pàtẹ lọ́jà òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ka yàrá láti ẹnu ọ̀nà: páálí tí wọ́n fi téèpù dì dáadáa tí wọ́n sì kọ nǹkan sí lára dára ju àpò ìdalẹ̀nù lọ, eruku tó bo ẹrù kárí fi hàn pé kò tíì sẹ́ni tó wá tú u wò. Nígbà tí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, dé ní 1995, ọjà náà gbòòrò sí i, nítorí ife tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ládùúgbò lè rí olólùfẹ́ ní òkèèrè.

Ọgbọ́n yìí ò tuntun fún ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ onísòwò ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown a máa dáwó jọ ra ẹrù àti ọkọ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn onísòwò náà ní gbàǹjo, wọ́n á pín in sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì kiri rẹ̀. Irú ọkọ̀ tí wọ́n rà bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan lára wọn fi padà wá sí Badagry ní nǹkan bíi 1839.

Nínú gbogbo ohun tó ti jáde láti irú yàrá bẹ́ẹ̀, ti Vivian Maier ló gbà mí lọ́kàn jù. Obìnrin tí wọ́n bí ní New York ní 1926 ni, ó ń bá àwọn ìdílé tọ́jú ọmọ ní Chicago fún ọ̀pọ̀ ọdún, kámẹ́rà kì í sì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀. Kò fi àwòrán tó ń yà han èèyàn. Ní 2007, nígbà tó ti darúgbó tí kò lè san owó yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀ mọ́, wọ́n ta ohun tó wà níbẹ̀; onígbàǹjo tó rà á tún pín in sí ọ̀nà ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, John Maloof, tó ń wá àwòrán àtijọ́ nípa àdúgbò Portage Park, fi nǹkan bíi 400 dọ́là ra páálí kan tó kún fún nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a fi ń tẹ àwòrán. Kò rí àdúgbò rẹ̀ nínú wọn, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó padà wò wọ́n ní fínnífínní ló rí i pé ayàwòrán àrà ọ̀tọ̀ ló yà wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá obìnrin náà. Ohun tó kọ́kọ́ rí nípa rẹ̀ ni ìkéde ikú rẹ̀: ó ti kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 2009, láìmọ̀ pé àwòrán òun, tó lé ní 100,000, ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ dé. Ẹni tó ra nẹ́gátíìfù ti ra fíìmù, kò ra ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tó wà lórí àwòrán. Nígbà tí kò sì sí ìwé ìhágún, láti 2014 ni ìjọba ìbílẹ̀ Cook County, tí Chicago wà nínú rẹ̀, ti gba àbójútó ogún rẹ̀. Gbàǹjo lè gbé páálí fúnni, kò lè gbé ohun tí onígbèsè kò fi sínú yàrá fúnni.

Ti ọkọ̀ Lotus kò gún lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, ó kàn ń pani lẹ́rìn-ín ni. Ní 1989, ọkùnrin kan ní Long Island fi nǹkan bíi 100 dọ́là ra yàrá kan láìwo inú rẹ̀, ó sì bá mọ́tò tó dà bí ọkọ̀ abẹ́ omi níbẹ̀, èyí tí wọ́n lò nínú fíìmù James Bond kan ní 1977. Ní 2013, wọ́n tà á ní London ní iye tó lé ní 500,000 pọ́n-ùn fún Elon Musk.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni tẹlifíṣàn ń wá. Ètò Storage Wars, tó ń ṣàfihàn irú gbàǹjo yìí, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2010, kò sì pẹ́ tí ibi tí ènìyàn mẹ́wàá ń pé sí tẹ́lẹ̀ fi kún fún èrò, tí iye tí wọ́n ń dá lé yàrá ní gbàǹjo fi ju èrè inú rẹ̀ lọ. Ní 2012, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kópa gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ó ní wọ́n máa ń kó ohun olówó iyebíye sínú yàrá kí kámẹ́rà tó dé. Ẹ̀yìn kóòtù ni wọ́n ti parí ẹ̀. Àwọn tó ń fi òwò náà jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ ló fara gbá a jù.

Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú gbàǹjo yìí ti ń wáyé, pàápàá láti ìgbà àrùn Kòrónà ní 2020. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí á ya fọ́tò yàrá láti ẹnu ọ̀nà, àwọn oníbàárà á sì máa fi owó lé ara wọn láti orí ibùsùn wọn. Àmọ́ wọ́n ṣì ń gé àgádágodo, wọ́n ṣì ń gbálẹ̀ yàrá. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àdéhùn ṣì ni pé bí ẹni tó rà á bá rí àwòrán ẹbí, ìwé ìbí tàbí eérú òkú nínú páálí, kí ó kó o padà wá sí ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n á ti gbé e sórí pẹpẹ kan, bóyá ẹni tó ni ín á wá bèèrè rẹ̀.